Wọ́n ní kí n ya Highbury sí ara ògiri ilé bọ́ọ̀lù ní Tánkè. Ìran wo ni kí n yà?

Ayàwòrán Tánkè

Àsàlámù àlékún o, ẹ̀yin olólùfẹ́ Arsenal tí ẹ wà ní Kwara àti lẹ́yìn odi.

Iṣẹ́ àwòrán ni mò ń ṣe: sáìnbọ́ọ̀dù, ara mọ́tò, ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń tún ilé bọ́ọ̀lù kan ṣe ní àdúgbò wa ní Tánkè, ẹni tó ni ín sì gbé ògiri ẹ̀yìn lé mi lọ́wọ́. Highbury, sítédíọ̀mù tí Arsenal ń lò tẹ́lẹ̀ ní London, ló ní kí n yà síbẹ̀, kì í ṣe Emirates tí wọ́n ń lò báyìí. Ó ní Emirates ń bẹ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ tó ń sanwó wọlé lónìí, ọ̀pọ̀ ni kò tíì dáyé nígbà tí Arsenal kó kúrò ní Highbury ní 2006. Ìran kan ṣoṣo ni owó rẹ̀ ká. Mo ti ha ògiri náà, mo ti fi ọ̀dà funfun pa á lẹ́ẹ̀kan, ó ti gbẹ. Ìran tí n ó yà sí i ló kù, òun ni mo gbé wá bá yín.

Èmi kò dé London rí. Ojú tẹlifíṣọ̀n ni mo ti mọ Highbury, nínú ilé páànù tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí, tí à ń san ogún náírà wọ̀. Síbẹ̀ mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo mọ̀ pé pápá rẹ̀ kéré, pé àwọn èrò jókòó súnmọ́ ìlà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sínú pápá fi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní òpó iná gíga bí èyí tí wọ́n máa ń rì sí igun sítédíọ̀mù lọ́dọ̀ wa; orí òrùlé ni iná tiẹ̀ wà. Mo mọ àga pupa rẹ̀, mo mọ aago tó wà lẹ́yìn góòlù apá gúúsù. Nígbà tí mo rí i nínú ìròyìn pé katapílà ti wọ inú ibẹ̀, ó dùn mí gan-an, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé tí yóò yé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ẹni tí kò dé ibì kan rí kò lè ṣàárò rẹ̀.

Tó bá jẹ́ tèmi nìkan ni, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Liverpool ni n ó yà, ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2004. Ọ̀sẹ̀ tó le ni ọ̀sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, Manchester United yọ wá nínú FA Cup. Lọ́jọ́ Àtàlátà, Chelsea wá bá wa ní Highbury, Wayne Bridge gbá ọ̀kan wọlé nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, Champions League bọ́ lọ́wọ́ wa. Líìgì nìkan ló ṣẹ́kù, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà wá nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ni Liverpool bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀, Good Friday àwọn onígbàgbọ́. Hyypia tiwọn kọ́kọ́ gbá wọlé, Henry tiwa dá a padà, Owen tiwọn tún gbá òmíràn wọlé. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, wọ́n ń fi 2-1 nà wá.

Ẹ sì mọ Ìlọrin. Jímọ̀ ni, ọ̀sán ni. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ní bọ́ọ̀lù kò lè gba ìrun Jímọ̀ lọ́wọ́ àwọn, èmi náà bá dìde. Ní gbogbo ìgbà tí Lémọ́mù fi ń ṣe kútúbà, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí a padà, ariwo tó ń jáde láti inú ilé páànù náà kì í ṣe ariwo àwọn tí wọ́n ń nà. Pires ti dá a padà. Henry ti gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó ti kọjá Hamann, ó ti yẹ Carragher sílẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ sáwọ̀n. Ó tún ti gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta tiẹ̀. 4-2 ló parí sí. Nígbà tí wọ́n tún ń fi hàn, mo mú ìwé ìṣirò mi, mo fi báírò fa ọ̀nà tí Henry gbà, mo fa ìlà pápá, mo ya èrò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwòrán Highbury tí mo kọ́kọ́ yà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ògiri yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ẹ bá mi sọ ọ́: kí lẹ rántí jù nípa ibẹ̀? Kí sì ni ohun tó jẹ́ pé bí ẹ bá wọlé tí ẹ kò rí i lára ògiri, ẹ óò sọ pé èyí kì í ṣe Highbury?

Bàbá Sábó Òkè

Wa àlékúmù sàlámù, ọmọ mi. Iṣẹ́ rere lo dáwọ́ lé.

Kanu ni kí o yà. Kí Kanu tó dé ibẹ̀, ta ló ń bá Arsenal ṣe ní Sábó Òkè? A mọ Kanu ní Ajax, a rí i nínú ìdíje Olympics ní Atlanta ní 1996 nígbà tí wọ́n gba wúrà fún Nàìjíríà. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ní àbùkù, pé ó lè má gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ṣàdúrà fún ọmọ yẹn. Nígbà tí Wenger, akọ́nimọ̀ọ́gbá Arsenal nígbà náà, wá rà á ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, ibi tó bá lọ la máa tẹ̀lé e lọ. Bí Highbury ṣe di tiwa nìyẹn.

Highbury náà ló ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1999, wọ́n ń bá Sheffield United gbá a nínú FA Cup. Ọ̀kan sí ọ̀kan ni wọ́n wà. Ọmọ Sheffield kan fara pa, aṣọ́lé wọn gbá bọ́ọ̀lù síta kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí eré máa padà, Ray Parlour ju bọ́ọ̀lù náà padà sọ́dọ̀ wọn, bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe. Kanu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, ó gbá a sí àárín, Overmars tì í wọlé. Rẹfirí kò lè fagi lé e, nítorí kò sí òfin tí wọ́n rú. Inú àwọn ará Sheffield ru, Steve Bruce tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò lórí pápá. Bí eré ṣe parí, Wenger ní òun kò fẹ́ irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tún un gbá. Wọ́n tún un gbá ní Highbury kan náà lọ́jọ́ 23 oṣù náà, Arsenal sì tún fi 2-1 borí.

Inú ìwé ìròyìn Complete Sports ni mo ti kà á, lórí ìdúró, lọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn kan ní Post Office, èmi àtàwọn tí kò ní owó tí wọn ó fi rà á. A jiyàn títí oníwèé fi lé wa. Àwọn kan ní Wenger gọ̀. Mo ní rárá, ibi tí èèyàn ti lè dá ohun tó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ padà, irú ibẹ̀ ló yẹ kí ọmọ wa wà. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn náà ni mo ṣì ń sọ lónìí.

Kí o wá ṣọ́ra o. Ẹni tó bá ní kí o ya Kanu ní Highbury nínú Champions League ọdún 1999, má dá a lóhùn. Wembley ni Arsenal ti ń gbàlejò Champions League nígbà yẹn, nítorí Highbury kò gba èrò tó.

Ọmọ Ìyá Olóúnjẹ, Ọ̀fà

Bàbá, ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀mí yín á gùn. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọjọ́ tí wọ́n kí ibẹ̀ pé ó dìgbà ni kí wọ́n yà. Ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2006, ọjọ́ Àìkú, àwa àti Wigan. Màmá mi ń ta ìrẹsì níwájú ilé bọ́ọ̀lù kan lẹ́bàá rélùwéè ní Ọ̀fà, èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ wọlé fún àwọn òǹwòran. Bí mo ṣe mọ Arsenal nìyẹn, abọ́ lọ́wọ́, ojú lókè. Àwọn ọkùnrin a máa ní kí n kúrò lójú àwọn.

Lọ́jọ́ yẹn, Tottenham ló wà níwájú wa ní ipò kẹrin. Lóru ọjọ́ tó ṣáájú, inú ti da ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn láàmú ní hòtẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ bá West Ham gbá a. Ní Highbury, Pires kọ́kọ́ gbá wọlé. Kíá ni Wigan dá a padà, nígbà tó yá wọ́n tún gbá èkejì. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú ilé bọ́ọ̀lù. NEPA bá mú iná lọ! Mo rántí bí onílé ṣe ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ tí kò jẹ́ fún un, tí gbogbo ilé ń pariwo lé e lórí. Nígbà tí iná fi máa dé, Henry ti dá a padà, 2-2. Lẹ́yìn ìsinmi, ọmọ Wigan kan fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù padà fún aṣọ́lé wọn, kò le tó, Henry já a gbà. Ó di mẹ́ta. Pẹ́nárítì ló tẹ̀lé e. Ó gbá a wọlé, ó kúnlẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó fi ẹnu ko koríko ibẹ̀. Kò pẹ́, ìròyìn dé pé West Ham ti na Tottenham ní 2-1, ipò kẹrin di tiwa.

Wọn kì í fẹ́ rí obìnrin nínú ilé bọ́ọ̀lù nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín wọn títí eré fi parí, ẹnikẹ́ni kò lé mi.

Ọ̀gá ayàwòrán, tí ẹ bá máa yà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo pupa Arsenal tí gbogbo èèyàn mọ̀. Aṣọ sáà yẹn dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi zobo tí wọn kò tíì bomi là. Orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ wúrà, apá rẹ̀ kì í ṣe funfun, ṣòkòtò ló funfun. Ẹgbẹ́ ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìrántí àwọ̀ tí wọ́n wọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Highbury ní 1913. Mo ti rí i lára ògiri kan ní Ajàṣẹ́-Ìpo tí wọ́n fi pupa fòò yà á. Inú mi kò dùn sí i rárá.

Ọmọ Adéta

Ẹ má bínú sí mi. Mo ka gbogbo rẹ̀, ó sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n Kwara United ń bẹ nílùú yìí. Sítédíọ̀mù wa ń bẹ nílùú yìí. Mo ti jókòó lórí kọ́ńkéré rẹ̀ nínú oòrùn, mo ti gbọ́ ohùn akọ́nimọ̀ọ́gbá bó ṣe ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ lórúkọ, mo ti bá agbábọ́ọ̀lù wa wọ mọ́tò kan náà lẹ́yìn eré, tó ń sọ fún mi bí orúnkún ṣe ń dùn ún. Ta ló ń ya ìyẹn sí ara ògiri? Ọmọ tó wà ní Tánkè lè lọ fojú ara rẹ̀ rí i ní Sátidé tó ń bọ̀ tí a bá ń gbá a nílé.

Ayàwòrán Tánkè

Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, mi ò ní jiyàn lé e. Ògiri ìta ilé bọ́ọ̀lù náà, èyí tó kọjú sí títì, ṣì ṣófo. N ó bá onílé sọ ọ́. Tó bá gbà, ẹ̀yin ni kí ẹ wá dúró tì mí kí ẹ máa sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí láti ibi tí ẹ máa ń jókòó sí.

Ọmọ Omù-Àrán ní London

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò lọ sílé tààrà, mo wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní Arsenal. Gillespie Road ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, 1932 ni wọ́n yí i padà, nítorí Herbert Chapman tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà náà kò jẹ́ kí wọ́n sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo jáde síta, mò ń wá sítédíọ̀mù, ilé gbígbé ni mò ń rí. Ilé kéékèèké tó so mọ́ra wọn, ilẹ̀kùn aláwọ̀ oríṣiríṣi, dọ́sìbìnì lẹ́nu ọ̀nà. Mo yà sí Avenell Road, àfi bí mo ṣe kọjú sí i lójijì: East Stand, ilé ìjókòó òǹwòran tó wà ní apá ìlà-oòrùn Highbury, ó ga, ó funfun báláú, ó dúró sáàárín ilé àwọn èèyàn. Ẹni tó ń gbé ní òdìkejì títì, tó bá ṣí fèrèsé, ara rẹ̀ ló máa rí.

Àwọn ilé yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí Arsenal lè dúró. Ní 1935, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró wòran, èèyàn 73,295 ló wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ tí Sunderland wá. Lẹ́yìn tí àwọn òǹwòran kú ní Hillsborough ní 1989, wọ́n ní kí kálukú máa jókòó sórí àga, àyè bá dín kù, títí tó fi jẹ́ 38,419 ló gbà nígbà tí wọ́n fi máa kúrò. Wọn kò rí ibi fẹ̀ ẹ́ sí. Ilé yí i ká, òfin sì ń dáàbò bo East Stand, wọn kò gbọdọ̀ wó o. Ni wọ́n bá lọ kọ́ Emirates tó gbà ju 60,000 lọ, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni síbẹ̀.

Fúláàtì ni wọ́n sọ Highbury dà. Ojú East Stand àti ti West Stand ṣì wà, àwọn èèyàn ń gbé lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó jẹ́ pápá ti di ọgbà, fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Mo dúró ní Avenell Road títí òtútù fi mú mi. Lẹ́yìn náà mo rìn lọ sí Emirates, mo rí aago Highbury níbẹ̀, wọ́n ti gbé e kọ́ sí ara rẹ̀ níta. Inú mi dùn pé wọn kò jù ú nù.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí, ọ̀gá ayàwòrán. Ní 1992, nígbà tí wọ́n wó North Bank, ibi tí òǹwòran máa ń wà lẹ́yìn góòlù kan, láti kọ́ tuntun, wọ́n na àwòrán ńlá kan sẹ́yìn góòlù láti fi bo ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Èrò òǹwòran ni wọ́n yà sí i, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú. Nígbà tí àwọn èèyàn wò ó dáadáa, kò sí èèyàn dúdú kan nínú gbogbo rẹ̀. Arsenal tí Ian Wright ń gbá bọ́ọ̀lù fún, tí Paul Davis àti Kevin Campbell ń gbá bọ́ọ̀lù fún! Àwọn èèyàn bínú, wọ́n bá padà lọ kun ojú àwọn dúdú sí i.

Nítorí náà, ìran yòówù kí ẹ yà, ẹ ya èrò rẹ̀ kó kún, kí ẹ sì ya àwa náà sí i. Ẹ ya Bàbá Sábó Òkè pẹ̀lú fìlà wọn. Ẹ ya arábìnrin wa ará Ọ̀fà lórí àga, kì í ṣe lórí ìdúró pẹ̀lú abọ́. Ẹ ya ẹni tó ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé apá gúúsù ni aago wà, apá àríwá ni North Bank. Ìran kan kò lè gba méjèèjì.

Ayàwòrán Tánkè

Mo ka èyí fún onílé bọ́ọ̀lù lórí fóònù, kí n tó kà á tán ló ti ní òun gbà.

Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ọdún 2004 ni n ó yà. Leicester ló kọ́kọ́ gbá wọlé lọ́jọ́ náà, Paul Dickov tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal rí ló gbá a. Henry fi pẹ́nárítì dá a padà, Vieira gbá èkejì, a sì parí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 láìpàdánù ẹyọ kan: a borí nínú 26, a ta ọ̀mì nínú 12. Wọ́n gbé ife-ẹ̀yẹ yí pápá ká. Bàbá, Kanu ń bẹ nínú ẹgbẹ́ ọdún yẹn, sáà tó lò kẹ́yìn ní Arsenal ni. Ẹ óò rí i níwájú. North Bank ni n ó yà sẹ́yìn wọn, ojú wa ni yóò sì kún ibẹ̀. Mo fẹ́ràn aago yẹn gan-an, ṣùgbọ́n n ó fi í sílẹ̀.

Ọmọ Ìyá Olóúnjẹ, Ọ̀fà

Mo gbà, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ó fi mí sórí àga. Ṣùgbọ́n Henry tó kúnlẹ̀ ti bọ́ síta nìyẹn. Àwọn ọmọ yẹn yóò rí ọjọ́ ayọ̀, wọn kò ní rí bí a ṣe kúrò níbẹ̀.

Ayàwòrán Tánkè

Àǹtí, ilẹ̀kùn irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, ó gba ẹni kan tó kúnlẹ̀. N ó yà á síbẹ̀, n ó po àwọ̀ tí ẹ sọ, owó ọ̀dà rẹ̀ yóò sì ti àpò tèmi jáde.

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wà nínú èrò, kó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí ojú hàn, kó má wọ awò oòrùn. Bàbá Sábó Òkè, fìlà wo lẹ fẹ́ dé?

Bàbá Sábó Òkè

Abetí-ajá ni, ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi yóò fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ọ lẹ́yìn ìrun alẹ́.